Ọdún Tí A Kọ́ Bí A Ti Ń Kúrò Nílé

Nínú pálọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀wọ̀, ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ rí ni fọ́tò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, àti aago ògiri tó ti kú. Ní tiwa, pátákó dúdú ni, irú ti kíláàsì gan-an, tí Dádì ní kí káfíńtà kàn mọ́ ògiri ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé má baà ṣèèṣì rò pé ilé lòun wọ̀. Dádì ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un lágbára ju ìyẹn lọ. Tó bá délé, tó jẹ iyán tán, tó sùn díẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni agogo kékeré kan máa dún, agogo tó rà fún iṣẹ́ yẹn nìkan, èmi àti Dípọ̀ ẹ̀gbọ́n mi a sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ilé wa nìkan ni mo mọ̀ tí ọmọ ti máa ń nawọ́ sókè ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ kó tó lè lọ tọ̀. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé aago márùn-ún yẹn gan-an ni àdúgbò máa ń dùn. À ń gbọ́ odó tí wọ́n ń gún lápá ọ̀tún, à ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lẹ́yìn táyà, à ń gbọ́ ìyá kan tó ń bú adìyẹ rẹ̀ bí ẹni ń bú ọkọ. Nílé tiwa, Mọ́mì kò gbọdọ̀ gún nǹkan kan títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Dádì ní ariwo odó kì í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọlé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Dádì gbé ìyá tó bí i, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá sọ́dọ̀ wa láti Ìdásẹ̀n. Gbígbé wá ni òun máa ń pè é. Màmá ní tirẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Orúnkún ló ń dun Màmá, Dádì sì fi ọkọ̀ lọ gbé e pé kí dókítà wò ó, pé kò ní pẹ́, pé kó má wulẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Dókítà wo orúnkún, ó fún un lóògùn, ó ní kó máa lọ sílé. Dádì wa ọkọ̀ jáde nínú ọgbà ilé ìwòsàn, dípò kó yà sọ́nà Ìdásẹ̀n, ó yà sọ́nà ilé wa, ó sì fi yàrá kan han Màmá, tí wọ́n ti tẹ́ fóòmù tuntun sí, tí wọ́n ti ta kọ́tìnì aláwọ̀ ewé sójú fèrèsé rẹ̀. Ó ní ilé rẹ̀ nìyẹn láti òní lọ. Màmá wo kọ́tìnì, ó wo Dádì, ó bi í léèrè pé ta ni yóò ti ìlẹ̀kùn òun. Irú inúure bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé: ọmọ tó jí ìyá rẹ̀ gbé, tó sì tún ra kọ́tìnì fún un.

Nílé wa, Màmá kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ pọnmi, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó bá bọ́ sílẹ̀. Dádì ní ìsinmi ló kù tí yóò máa ṣe. Màmá fi ara balẹ̀, ó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ kẹrin, ó hú òdòdó tí Dádì gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Dádì hú tẹ̀tẹ̀, ó dá òdòdó padà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìjà, bí ẹni ń ta ayò. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń jẹ Màmá lọ́kàn. Ẹ̀bù iṣu rẹ̀ ló wà nínú àká ní Ìdásẹ̀n, èyí tó ti yà sọ́tọ̀ láti fi gbin oko ọdún yẹn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba irú iṣu náà, ìyẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ̀bù bá hù tán tí kò rí ilẹ̀, á rọ, á jẹrà, irú iṣu yẹn á sì parẹ́. Ó ṣàlàyé èyí fún Dádì lọ́jọ́ mélòó kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní Yorùbá Ọ̀wọ̀ tó ń sọ, tí ilé ń jẹ́ ulé, tí mo ń fi Yorùbá tí gbogbo wa ń kà kọ sílẹ̀ níhìn-ín. Dádì fetí sílẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń fetí sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní gba máàkì. Lẹ́yìn náà ó ní iṣu wà lọ́jà.

Ẹ má rò pé ọ̀dájú ni bàbá mi. Mo ti hu ewú báyìí, mo sì ti rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ojú ọ̀nà oko ní Ìdásẹ̀n ni bàbá rẹ̀ ṣubú sí tó fi kú, kò sí ẹnì kan nítòsí, Dádì sì wà ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, ó ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tó ń tòògbé. Kò sọ fún wa rí. Mọ́mì ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí èmi náà ti di ìyàwó ilé. Ká ní ó sọ fún Màmá pé ẹ̀rù ń ba òun ni, bóyá wọn ì bá ti gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa mọ ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi, ìyẹn nìkan ni kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi ọkùnrin pè mí láti Kánádà pé òun ti ṣe yàrá kan sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí n má wulẹ̀ kó ẹrù púpọ̀. Mo bi í pé kọ́tìnì wo ló wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pe Dádì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, ó sì gbé ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀, tó dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Orí kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti kíkúrò níbì kan, Dádì sì fẹ́ràn orí yẹn bí ẹni fẹ́ràn ìyàwó kejì. Gbogbo sáà náà la fi wà lórí rẹ̀. Ó ya ìlà sáàárín pátákó, ó pín in sọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló rìn kúrò: “run away from,” “move out of,” “break away from.” Ọ̀nà kejì, ẹlòmíràn ló mú un kúrò: “take away from,” “keep away from,” “remove from.” Ó fi ẹfun ya róbótó kan fún ilé, ó ya ọfà tó ń jáde nínú rẹ̀. Ó ní àwa Yorùbá ò rí èyí rò rárá, pé “kúrò” kan ṣoṣo la ní, òun náà la sì fi ń gbálẹ̀ kiri. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ègúsí tí wọ́n ní kó má pa. Ó ní ká má bínú o, ẹ̀ẹ̀melòó ni òyìnbó ń kúrò níbì kan náà tó fi nílò gbogbo ìyẹn? Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa fún un, láìgbójú sókè: yà, yẹ̀, já, sá, ṣí, fi sílẹ̀, kẹ́rù jáde. Dádì ní kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ wọn.

Òfin méjì ló wà. Lójoojúmọ́, kí kálukú wa fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ̀. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa tàbí tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ti fi yìnyín Lọ́ńdọ̀nù tí wọn ò rí rí dá a lágara, ó sì gbà pé irọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ méjì ni. Máàkì mẹ́wàá ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́jọ́ Sátidé ló máa jókòó níwájú ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí Mọ́mì wá bá àwọn tó kù jókòó lẹ́yìn. Èmi ò jókòó síwájú rí láyé mi. Dípọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lé fèrèsé bí kọmíṣọ́nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń kúrò nílé wa dáadáa. Ewúrẹ́ aládùúgbò já okùn lẹ́yìn ilé wa, Dípọ̀ gba mẹ́jọ. Bọ́tìnì já lára aṣọ ilé-ìwé mi, mo gba mẹ́fà. Páànù kan ṣí lórí ilé ìdáná nígbà ìjì, èmi àti Dípọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí ta ló máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ohun tó lè kúrò ti kúrò tán. Lọ́jọ́ kan mo tú adìyẹ wa sílẹ̀ fúnra mi kó lè sá kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, adìyẹ náà jókòó, ó ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún ọ̀nà kejì ń pa ègúsí sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, tí ẹni tó mú un kúrò nílé rẹ̀ sì dúró síwájú wa pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́. Máàkì wù wá, ṣùgbọ́n a ò ya wèrè.

Ọjọ́ Tuesday kan, Màmá ń dì mí nírun lẹ́yìn ilé, ó sì sọ fún mi pé òun máa lọ ní Friday. Obìnrin kan láti Ìdásẹ̀n máa ń gbé igi ìdáná wá tà ládùúgbò wa lọ́jọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ti sọ ọ́. Dádì á wà nílé-ìwé, Mọ́mì á wà lọ́jà. Kìkì ohun tó fẹ́ kí n ṣe ni kí n bá òun gbé àpò dé oríta nígbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Ó ní òun mọ̀ pé mo lè pa ẹnu mọ́, nítorí pé èmi ni mo jọ òun nílé yẹn. Orí mi wú. Mo ṣèlérí fún un, mo sì pa ẹnu mọ́ lóòótọ́ títí di ọjọ́ kejì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, “run away from” ni ọ̀rọ̀ tí Dádì kọ. Dípọ̀ fi máàkì mẹ́rin jù mí lọ. Mo wo òkè àjà, mo wo ìwé mi. Kò sí adìyẹ, kò sí ewúrẹ́. Ohun òtítọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí mi, ó ń yún mi lọ́wọ́. Mo tún bá ara mi sọ pé ìwé kì í ṣe ẹnu, pé ẹnu ni mo ṣèlérí láti pa mọ́. Mo wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara pé ní Friday, Màmá máa sá kúrò nílé wa: “Mama will run away from our house on Friday”

Dádì kà á, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní gbólóhùn nìyí. Ó ní kí Dípọ̀ wá wò ó: ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀, ohun tó ṣe wà níbẹ̀, ibi tó ti kúrò wà níbẹ̀, ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Ó fún mi ní mẹ́sàn-án, ó yọ ìkan nítorí pé mi ò fi àmì ìdánudúró sí ìparí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ ọ́ sórí pátákó, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn díẹ̀ kó lè wo ẹwà rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi dé bá a. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra gbé ẹfun sílẹ̀, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òfin ilé wa nìyẹn.

Kò pariwo. Ó lọ gbé àpò Màmá lábẹ́ ibùsùn, ó tì í mọ́ inú wọ́dúróòbù tirẹ̀, ó sì ra àgádágodo tuntun sí géètì lọ́jọ́ kejì. Ó bá Màmá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa oòrùn, nípa orúnkún, nípa ohun tí aráyé á sọ nípa tíṣà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń kọ ebè. Màmá ń pa ègúsí rẹ̀ lọ. Obìnrin onígi dé ní Friday, ó bá àgádágodo lẹ́nu géètì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìtìjú ló mú mi, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tó di Sátidé, mo lọ bá Màmá ní yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún un pé èmi ni.

“Mo mọ̀,” Màmá wí. “Kí ni wọ́n fún ọ?”

“Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, Màmá.”

“Ìkan tó kù ńkọ́?”

“Mi ò fi àmì ìdánudúró sí i.”

“O ò kúkú dánu dúró lóòótọ́,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ká ní ó nà mí ni, ì bá dára fún mi.

Bí mo ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sunday nìyẹn. Mi ò gbádùn ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo ìjọ ń kí ara wọn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá rìn lọ bá àwọn ìyá ìjọ àti àlùfáà, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè díẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́.

“Mò ń lọ sílé mi ní Ìdásẹ̀n. Ọmọ mi ló ń sìn mí lọ.”

Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Dádì lórí. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Àlùfáà gbá a lọ́wọ́ mú, ó mì í pẹ́. Kí wá ni ọkùnrin tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí pẹpẹ máa sọ níwájú gbogbo ìjọ? Pé òun ò ní sin ìyá òun? Ó sáré ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ibi tí ọkọ̀ náà máa yà sí. Màmá náà rí i. Ó ní ọkọ̀ yẹn ti gbé òun lẹ́ẹ̀kan, ó tó, ẹsẹ̀ lòun fẹ́ fi rìn. Mọ́mì fi áńkáṣífù bo ẹnu, ó fa Dípọ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọn ń lọ gbé iṣu kaná. Èmi ni mo gbé ìwé orin Màmá lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ní kí n padà, mo bá tẹ̀ lé wọn.

Ẹni tí fóònù tọ́ dàgbà lè má mọ ohun tó kó bàbá mi sínú wàhálà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń sin èèyàn kì í dá ara rẹ̀ padà. Ẹni tí à ń sìn ló máa dúró, tó máa sọ pé, “Ó tó, ẹ padà.” Àfi kó sọ ọ́. Bí kò bá tíì sọ ọ́, tí o sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́, wàá máa rìn ni. Dádì mọ̀ ọ́n dájú, Màmá ló kúkú kọ́ ọ. Nígbà tí a dé oríta, ó dẹ ẹsẹ̀, ó wúkọ́, ó ní ọ̀nà Ìdásẹ̀n nìyí o. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni, ó sì ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ ọwọ́ òsì fún un. Nígbà tí ọ̀dà tán, Dádì tún wúkọ́. Màmá béèrè bóyá òtútù ló mú un. Kóòtù onírun àgùntàn ló wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, táì há mọ́ ọn lọ́rùn. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ni Màmá ń dúró kí, tó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ló ń sin òun. Àdúrà tí Dádì gbà lójú ọ̀nà yẹn tó fi di gómìnà. Ó gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan, pé Màmá ń ṣe é bí ọmọdé. Màmá ní òun ò gbọ́, kó sọ ọ́ sókè. Kò tún un sọ mọ́. A dé Ìdásẹ̀n tí kò sí ẹni tó sọ pé ó tó.

Aládùúgbò kan ti bá a fi okùn so ìlẹ̀kùn. Màmá tú u, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní, “Ulé mi.” Inú àká ló gbà lọ. Ẹ̀bù ti hù, ọ̀mùnú wọn gùn, wọ́n ń wá ilẹ̀ kiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti jẹrà. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n, ó ń gbóòórùn wọn, ó ń pín wọn sọ́tùn-ún sósì. Ìhà èyí tó bàjẹ́ ń ga ju èkejì lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sunkún. Dádì dúró títí, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ara igi, ó tú táì, ó sì jókòó sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò ìsìn. Ẹnu yà mí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ibi tó rọ̀ kúrò, ó fi eérú pa ojú ibi tó gé, ó fi sọ́dọ̀ àwọn tó dára. Bó ṣe gba díẹ̀ padà lára èyí tí Màmá ti dà nù nìyẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀, àfi “mú ìyẹn wá” àti “èyí ti lọ.” Nígbà tó yá, Màmá sun iṣu fún wa, a fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Dádì jẹ ègé mẹ́ta, ó sì lá epo ọwọ́ rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Màmá ní ká máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lọ́nà. Ó wá dìde, ó ń sìn wá. Èyí náà tọ́, àwa la di àlejò báyìí. A kọjá ilé tó kẹ́yìn, a kọjá ibi tí wọ́n ń fọ ẹ̀gẹ́, Dádì kò dúró. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń bi Màmá léèrè nípa oko ẹni yìí, nípa ilẹ̀ ẹni tọ̀hún, ohun tí kò béèrè rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi. Ẹni tí à ń sìn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ìyá rẹ̀ á máa tẹ̀ lé wa, bóyá á tẹ̀ lé wa dé Ọ̀wọ̀. Màmá náà mọ̀. Kò bá a jiyàn, ó ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, títí tí a fi dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó wo Dádì, ó ń retí.

Dádì la ẹnu, ẹnu náà kò mú ọ̀rọ̀ kankan jáde. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú eruku, omi ń lé lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo dúró tì í, mo ń dúró dè é, mo sì rí i pé kò ní lè sọ ọ́.

“Ó tó, Màmá,” mo wí. “Ẹ padà.”

Màmá gba ìwé orin rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó yí padà, ó ń lọ. Dádì kò bá mi wí. Ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kì í ṣe, a sì dúró síbẹ̀ títí a ò fi rí i mọ́.